Ọgbà Iyùn Mi Di Igbó: Bí Mo Ṣe Ro Ó Láàárín Oṣù Méjì

Iyùn ààyè, ẹranko inú òkun, tí mo kọ́kọ́ rà láyé mi kú ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì 2024. Omi rẹ̀ mọ́, ìmọ́lẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àìsàn kankan kò sì ṣe é. Aládùúgbò rẹ̀ ló ta á pa. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń rí i pé àwọn méjèèjì ń súnmọ́ra, tí mò ń sọ pé màá gé aládùúgbò yẹn kù. Bí mo bá gbé ẹ̀mú dé ẹnu táńkì, tí mo rí bó ṣe ń fì lẹ́lẹ́ nínú omi, àánú rẹ̀ á ṣe mí, màá sì gbé ẹ̀mú padà síbi tó wà. Àánú yẹn ló pa èkejì.

Ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun ni mo pinnu pé màá ro gbogbo ọgbà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oṣù méjì gbáko ló gbà mí. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo wọ̀n, nítorí kò sí ẹni tó ní táńkì iyùn tó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí irú ọ̀rọ̀ yìí kò ní kàn.

Bí ọgbà náà ṣe rí

Pálọ̀ wa ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni táńkì náà wà láti 2019. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 60, ó ga ní 55. Tí a bá yọ àyè tí òkúta gbà kúrò, tí a sì fi omi táńkì kékeré abẹ́ rẹ̀ kún un, bíi 400 lítà ni gbogbo omi rẹ̀. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù kún fún ẹfun. Ẹ̀yin tó ń gbé níbẹ̀ mọ ohun funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. N kì í lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó ń sẹ́ gbogbo ohun tó yòrò sínú rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ni màá po iyọ̀ òkun mọ́ ọn títí yóò fi di gíráàmù 35 nínú kílò omi kan. Ìgbóná rẹ̀ kì í kúrò ní 25 sí 26.

Ẹni tó bá gbọ́ iyùn nílẹ̀ wa, ọrùn ìyàwó tàbí ọrùn ọba ni ọkàn rẹ̀ á lọ. Kò ṣìnà. Iyùn pupa ojúlówó tí àwọn ìyá wa ń so, egungun ẹranko inú òkun Mẹditaréníà ni, ó sì ń lọ́ra dàgbà débi pé igi rẹ̀ kì í sanra tó mìlímítà kan lọ́dún. Ìbátan rẹ̀ ni àwọn tèmi, àmọ́ ààyè ni wọ́n, wọ́n sì ń yára. Ẹnu kéékèèké ló kún ara wọn, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí ẹnu kọ̀ọ̀kan ká. Ohun ọ̀gbìn kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú ẹran ara wọn. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, iyùn tó gbà á sílé sì ń jẹ nínú rẹ̀. Àwọn tó ní òkúta lábẹ́ ara máa ń fa kálísíọ́mù àti alkalinity látinú omi, wọ́n á fi máa mọ òkúta yẹn lójoojúmọ́. Alkalinity ni ìwọ̀n àwọn èròjà bíi sódà tó yòrò sínú omi, dKH la fi ń kà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ alkalinity yìí mú, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo iṣẹ́ mi jẹ́.

Mẹ́rin ló ti gba ilẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ọ̀kan ni Montipora capricornis, tí àwa nílé ń pè ní àwo, nítorí pẹrẹsẹ ló ń tẹ́, ọ̀kan lórí èkejì. Kò tóbi ju ẹyọ owó lọ nígbà tí mo rà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 46, ó sì ti di òrùlé lórí ìdajì táńkì. Òmíràn ni torch, ògùṣọ̀: ọwọ́ rẹ̀ gùn, ṣóńṣó ọwọ́ náà sì ń tàn bí iná. Orí méjì ló ní nígbà tí mo gbà á, ó ti di mọ́kàndínlógún. Birdsnest, ìtẹ́ ẹyẹ, ni ẹ̀kẹta, ẹ̀ka tín-ín-rín tó mú bí ẹ̀gún ló hun ara wọn pọ̀. Ẹ̀kẹrin ni star polyp, tí kò ní òkúta lábẹ́ rárá; ẹní aláwọ̀ àlùkò ló ń tẹ́ káàkiri, koríko aláwọ̀ ewé á sì hù lórí rẹ̀.

Èyí tó kú ni hammer, òòlù, tí wọ́n fún lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ṣóńṣó ọwọ́ rẹ̀ rí bí orí òòlù. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni òun àti torch. Lóru, nígbà tí iná bá kú, torch á na ọwọ́ tó gùn ju ti ọ̀sán lọ, ohunkóhun tí ọwọ́ yẹn bá kàn, á ta á bí èsìsì. Láàárín òun àti hammer, torch ló sábà máa ń borí. Mo ti kà á, mo ti gbọ́ ọ, mo ṣì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí àárín wọn.

Sátidé, 11 oṣù Kìíní 2025

N kò gé ohunkóhun lónìí. Wíwọ̀n ni mo fi gbogbo ọjọ́ ṣe.

Mo yá ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan. Lórí àwo tó wà lókè pátápátá, ó kà 260. Mo ti ẹ̀rọ náà bọ abẹ́ àwo, sórí iyanrìn, ó kà 22. Ibẹ̀ ni iyùn ọpọlọ mi wà, èyí tó rí rogodo tó sì ní ìlà wẹ́rẹwẹ̀rẹ lára bí ọpọlọ ẹran. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ẹran ara rẹ̀ sì ti ń ká kúrò lórí òkúta ní apá kan. N kò rí i láti òkè. Àfìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ níwájú gíláàsì kí n tó rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn mo po oúnjẹ ẹja díẹ̀ mọ́ omi nínú ife, mo dà á sẹ́nu pọ́ǹpù kí n lè rí ibi tí omi ń gbà. Ní iwájú, ó lọ geerege. Nígbà tó dé ẹ̀yìn birdsnest, ó dúró bí omi inú kòtò. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín ẹ̀ka rẹ̀: gbogbo inú rẹ̀ ti kú, ó funfun, ìdọ̀tí sì dì sí i. Ìta nìkan ló ń wuni.

Ohun tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Mo pa ẹ̀rọ tó ń fún táńkì ní sódà fún wákàtí 24, mo sì wọn alkalinity ṣáájú àti lẹ́yìn. Láti 8.3 ó já sí 6.7. Ìyẹn ni pé dKH 1.6 ni àwọn iyùn mi ń jẹ lójúmọ́. Nínú 400 lítà, bíi gíráàmù 12 sódà bicarbonate ló ń gbé alkalinity sókè ní dKH kan, nítorí náà gíráàmù 19 ni mò ń fún wọn lójoojúmọ́. Kálísíọ́mù náà ní ìṣirò tirẹ̀: níbi tí iyùn bá ti lo dKH 2.8, á lo kálísíọ́mù bíi mìlígíráàmù 20 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye tí táńkì yín ń jẹ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ẹ̀mú kan ẹ̀ka kan. Èmi kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí mo wá fi ṣe lẹ́yìn náà ni kò dáa.

Sátidé, 18 oṣù Kìíní

Àwo ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí òun ló dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ gbogbo ará ìsàlẹ̀.

Alẹ́ àná ni mo ti po omi iyọ̀ tuntun 60 lítà, mo sì jẹ́ kó gbóná tó ti táńkì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gé egungun, ṣísẹ́lì kan, ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, awò ìdáàbòbò ojú, súpà gúlù tó ki, àti òkúta pẹlẹbẹ kéékèèké tí màá lẹ àwọn ègé mọ́. Mo pa gbogbo pọ́ǹpù. Èyí ṣe pàtàkì: bí ìgbì bá ń lọ, ègé tó bá já bọ́ á fò lọ sí ibi tí n kò lè rí, á lẹ̀ mọ́ òkúta níbẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé tuntun.

Kò gba ẹ̀mú púpọ̀. Mo di etí àwo mú, mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó sì dá kẹ́kẹ́ bí ìpékeré. Ìró yẹn wọ̀ mí lára nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọwọ́ mi ti mọ ibi tí yóò ti dá. Àwo òkè mẹ́ta ni mo ṣẹ́ kúrò, mo fi ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 18 sílẹ̀. Ojú ibi tó ti dá ń yọ nǹkan tó ń fà bí ilá. Bí iyùn ṣe ń fi ohun tó wà lára rẹ̀ bo egbò nìyẹn. Mo fi omi tuntun fọ àwọn ègé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi gúlù lẹ mẹ́wàá mọ́ òkúta pẹlẹbẹ, bí ẹni ń fi igi gbágùúdá sórí ebè. Ọ̀rọ̀ gbágùúdá yẹn kì í ṣe àwàdà. Ohun kan náà ni: ègé ara ìyá, tí a rì mọ́ ibòmíràn, tó sì ń di odidi.

Àwọn iyùn inú òkun máa ń ṣe èyí fúnra wọn. Ìjì á fọ́ ẹ̀ka, ẹ̀ka á bọ́ sórí òkúta, á lẹ̀, á sì tún hù. Ní Mote Marine Laboratory ní Florida, David Vaughan ṣàkíyèsí pé àwọn ègé tó kéré gan-an máa ń dí egbò wọn, wọ́n sì ń tẹ́ jáde kíákíá ju iyùn ńlá tí a kò fọwọ́ kàn lọ, wọ́n sì ti ń fi ọgbọ́n yẹn gbin iyùn padà sí òkun. Ẹ̀kọ́ tí mo mú níbẹ̀ fún táńkì mi ni pé etí tí mo gé yìí kò ní sùn. Àyè tí mo fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ju èyí tí ojú mi sọ pé ó tó lọ.

Mo pààrọ̀ 60 lítà omi, mo sì fi gíráàmù 400 èédú tí wọ́n fi ń sẹ́ omi sínú táńkì ìsàlẹ̀, kó lè gba ohun tí àwọn iyùn tú sínú omi.

Mo tún wọn ìmọ́lẹ̀. Ibi tó kà 22 lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di 140. Ẹni tó ti ń gbé inú òkùnkùn fún ọdún méjì, tí a bá ṣí òrùlé kúrò lórí rẹ̀ lójijì, oòrùn á jó o. Iyùn náà bẹ́ẹ̀ ni. Á lé àwọn ohun ọ̀gbìn inú ara rẹ̀ jáde, á sì funfun. Torí náà mo dín iná kù láti 75 nínú ọgọ́rùn-ún sí 50, pẹ̀lú ìpinnu láti máa fi márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́rú, 22 oṣù Kìíní

Àṣìṣe mi nìyí.

Mo dé láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, mo sì rí i pé gbogbo ṣóńṣó birdsnest ti funfun. N kò tíì fọwọ́ kan birdsnest rárá. Mo wọn alkalinity: 10.4. Mo tún un wọ̀n nítorí mo rò pé mo ka nǹkan ṣì. 10.4 náà ni.

Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé mi. Ní Sátidé, mo kó ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń jẹun kúrò nílé, èyí tó kù sì ń tọ́jú egbò, kò ráyè mọ òkúta. Ìjẹun wọn já láti 1.6 sí bíi 1.05. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Gíráàmù 19 ló ṣì ń dà sínú omi lójoojúmọ́. Ìyókù 0.55 lójúmọ́, lọ́nà mẹ́rin, ìyẹn 2.2. Ẹ fi kún 8.2 tó wà ní Sátidé, ẹ ó rí 10.4 gẹ́lẹ́. Ìyá tó ń se oúnjẹ fún èèyàn mẹ́wàá, tí mẹ́rin ti rìnrìn àjò, tí kò sì dín ìrẹsì kù.

Àti pé omi mi kò sanra, èròjà tó ń bọ́ ohun ọ̀gbìn kò pọ̀ nínú rẹ̀: nitrate 4, phosphate 0.04. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, alkalinity tó bá ga máa ń jó ṣóńṣó ẹ̀ka tó ń yára hù, nítorí pé òkúta á máa sáré ju ẹran ara tó yẹ kó bò ó lọ.

Mo pa ẹ̀rọ sódà pátápátá. N kò fi nǹkan kan sí omi láti fà á wálẹ̀. Mo jẹ́ kí àwọn iyùn fúnra wọn jẹ ẹ́ wálẹ̀. Ó gba ọjọ́ méjì kó tó padà sí 8.4. Ọjọ́ Ẹtì ni mo tan ẹ̀rọ padà, sí gíráàmù 13. Láti ọjọ́ yẹn, wákàtí 24 lẹ́yìn ìgbà tí mo bá gé nǹkan, mo gbọ́dọ̀ wọn alkalinity, bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Sátidé, 25 oṣù Kìíní

Mo ti ní lọ́kàn pé màá gé torch lónìí. N kò ṣe é. Ara àwọn yòókù kò tíì balẹ̀, ọmọ mi obìnrin sì sọ pé ìtẹ́ ẹyẹ "rí bí ẹni tí wọ́n da atíkè sí lórí". Mo fọ gíláàsì, mo pààrọ̀ èédú, mo fi iná kún díẹ̀. Iyùn ọpọlọ ti wú sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Sátidé, 1 oṣù Kejì

Torch. Ọwọ́ mi gbọ̀n.

Ó dáa pé irú tó ń yọ ẹ̀ka ni tèmi. Orí kọ̀ọ̀kan dúró lórí igi òkúta tirẹ̀, àárín igi náà sì ti gbófo, kò sí ẹran lórí rẹ̀. Ibi tó gbófo yẹn nìkan ni ẹ̀mú gbọ́dọ̀ kàn, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà méjì sísàlẹ̀ ibi tí ẹran parí sí. Bí ẹran bá ya, àìsàn kan lè wọlé tó máa sọ odidi orí di ọ̀rá àwọ̀ ilẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, tó sì ń ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hammer tó tẹ́ bí ògiri, tí kò ní ẹ̀ka, n kì bá tí dáwọ́ lé e rárá.

Mo fi ọwọ́ fẹ́ omi sí i lára títí gbogbo orí fi ká wọlé, mo sì gbé odidi rẹ̀ jáde sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà ni mo rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: òkúta hammer mi, funfun báláú, pẹ̀lú ewé omi tó ti ń hù lórí rẹ̀. N kò kó o kúrò láti Kérésìmesì. Mo kó o kúrò lónìí.

Orí méjìlá ni mo gé, mo fi méje sílẹ̀. Mo rì wọ́n sínú omi tí mo kán ayodíìnì sí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ṣàn wọ́n, mo sì tò wọ́n sórí pèpéle kan nínú táńkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ní alẹ́, mẹ́sàn-án ti ṣí. Ní ọ̀la, gbogbo wọn. Kò sí èyí tó kú.

Birdsnest rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó gún mi níka láti inú ìbọ̀wọ́. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ ni ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe fún igi ọsàn: mo ṣí àárín rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ni atẹ́gùn tiwa níbí. Gbogbo òkú ẹ̀ka inú ni mo yọ, pẹ̀lú ìdá mẹ́ta ẹ̀ka ààyè. Ìgbà tí mo ń yọ ọ́ ni akàn kékeré kan sá jáde sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kò tó èékánná. Trapezia ni. Irú akàn yìí máa ń gbé inú ẹ̀ka iyùn bẹ́ẹ̀, ó ń jẹ nínú ohun tí iyùn ń yọ, ó sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ tó dà bí ẹ̀mú lé ẹni tó bá fẹ́ jẹ iyùn náà. Ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀ tí n kò rí i! Mo dá a padà sórí ẹ̀ka tó kù, ó sì yára wọ inú rẹ̀ lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti dín sódà kù sí gíráàmù 10 kí n tó bẹ̀rẹ̀. Alkalinity kò kúrò láàárín 8.1 sí 8.5 ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Sátidé, 8 oṣù Kejì

Star polyp lónìí, àti òkúta kan tí zoanthid, ìbátan iyùn tí kò ní òkúta lábẹ́, ti bò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ zoanthid, ẹ̀yin òbí ọmọ ní pàtàkì. Wọ́n lẹ́wà bí òdòdó, àmọ́ májèlé tí wọ́n ń pè ní palytoxin wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, pàápàá àwọn Palythoa. Láti ara irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ní Hawaii ni Moore àti Scheuer ti yọ ọ́ jáde ní 1971, ó sì wà lára àwọn májèlé tó lágbára jù lọ láyé. Ní oṣù Kẹta 2018, ní Oxfordshire níbí, ìdílé kan fọ iyùn táńkì wọn nínú ilé. Májèlé náà gba inú afẹ́fẹ́, gbogbo wọn dèrò ọsibítù, àti àwọn panápaná tó wá gbà wọ́n. Ẹ má ṣe se òkúta zoanthid láéláé. Ẹ má da omi gbígbóná sí i, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á ní gbígbẹ, ẹ má fi ayùn oníná gé e. Ẹni tó ní egbò lọ́wọ́, kó má fọwọ́ kàn án.

Èmi kò gé e rárá. Mo rán àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú ìyá wọn, mo ṣí fèrèsé, mo wọ ìbọ̀wọ́, awò àti ìbòmú. Odidi òkúta ni mo gbé, láti inú omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì olómi, mo dé e, ọ̀rẹ́ tó fẹ́ ẹ sì wá gbé e lọ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Mo fi bílíìsì nu gbogbo ibi tí omi kán sí.

Ti star polyp gba gbogbo ìyókù ọjọ́. Mo ti ṣísẹ́lì bọ abẹ́ etí rẹ̀, mo sì ń ká a bí ẹni ń ká ẹní. Níbi tí òkúta ti dán, ó ń ká wá ní odidi. Níbi tí ihò wà, ó ń já, ohun tó bá sì ṣẹ́kù nínú ihò, ẹ má tan ara yín, á tún hù. Òkúta méjì ni mo gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn táńkì, mo fi í sílẹ̀ fún un. Tí iná bá tàn, tí gbogbo ògiri yẹn bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bíi pápá lẹ́yìn òjò, kò sí ohun tó dà bí i. Mo kàn ti òkúta àárín síwájú, tí iyanrìn fi wà láàárín òun àti ògiri ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn lórí iyanrìn.

Ohun tó kú, tàbí tí n kò lè fún ẹnikẹ́ni, mo jẹ́ kó gbẹ, mo sì dà á sínú ìdọ̀tí ilé. Kò gbọdọ̀ dé inú odò tàbí òkun.

Lọ́jọ́ kejì mo kó àwọn ọmọ lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman ní Forest Hill, tí kò jìnnà sí wa. Iṣẹ́ tí Jamie Craggs àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2012, tí wọ́n pè ní Project Coral, ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe bí oòrùn, òṣùpá àti àsìkò ṣe ń yí padà nínú òkun, títí àwọn iyùn inú táńkì wọn fi tú ẹyin sílẹ̀ ní àkókò tí wọ́n retí rẹ̀, ní 2013. Àwọn tiwa nílé kò bí ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo wọn jẹ́ ègé ara ègé. Torch tó wà lọ́dọ̀ mi àti ti ẹni tó fún mi, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n, tó ń gbé ilé méjì.

Sátidé, 22 oṣù Kejì

Mo pín wọn lónìí. Àwo mẹ́jọ, orí torch mẹ́sàn-án, ẹ̀ka birdsnest mẹ́rìnlá. Èèyàn márùn-ún ló wá, n kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo béèrè ni pé kí wọ́n jẹ́ kó dàgbà, kí wọ́n sì fún ẹlòmíràn nínú rẹ̀.

Àárín ìpín yẹn ni màmá mi pè láti Abẹ́òkúta. Mo yí fóònù sí táńkì kí wọ́n lè rí i.

"Àkànní, ṣé kì í dùn ún ni, bó o ṣe ń gé e yẹn?"

"Màámi, kò ní ọpọlọ tó fi lè mọ ìrora bíi tiwa. Àmọ́ ó mọ̀ pé nǹkan ṣe òun, ẹ wo bó ṣe ká ọwọ́ wọlé."

"Máa ṣe é jẹ́jẹ́ nígbà náà. Bó o bá ń bọ̀ nílé, mú kékeré wá fún mi."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé gbogbo iyùn olókùúta wà nínú Àfikún Kejì CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó àti òkun, a kò lè gbé e kọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé iyùn tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn jáde, wọ́n nà án sí ojú fóònù. "Èyí náà ti wà láàyè rí nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó ní ẹnu, ó sì ń jẹun. Wọ́n yí i lọ́wọ́ títí, wọ́n ń wò ó.

Sátidé, 8 oṣù Kẹta

Iná ti padà sí 75 láti àná. Iyùn ọpọlọ ti ní àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹran rẹ̀ sì ti ń bo apá tó gbófo. Àwo ti yọ etí funfun tuntun yíká, ó tó mìlímítà mẹ́rin. Ṣóńṣó birdsnest tó jó ti dí, àyàfi mẹ́ta. Ìjẹun wọn, tó já sí 0.7 ní ìparí oṣù Kejì, ti di 0.9; gíráàmù 11 ni mò ń fún wọn báyìí.

Ní 2021, mo fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Leeds ní orí kan lára hammer mi. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Òun ló pè nígbà tó gbọ́ pé tèmi kú, ó ní tòun ti di orí mẹ́tàlá, kí n wá mú. Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ lọ ní àárọ̀ òní, mo sì gbé e padà nínú ike olómi tí mo fi aṣọ wé, lórí itan mi.

Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta tí mo gbà padà lọ́wọ́ star polyp. Ó ká wọlé fún wákàtí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó ṣí, pẹ̀lú àwọ̀ ewé kan náà tí mo mọ̀ mọ́ ọn ní 2019. Mo fi tẹ́ẹ̀pù wọn àárín òun àti torch: sẹ̀ǹtímítà 28. Mo kọ iye yẹn sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì, pẹ̀lú ọjọ́ tí màá tún un wọ̀n, 7 oṣù Kẹfà.